Ilé Àtijọ́ Tó Ń Rì: Bí Ẹ Ṣe Lè Yàn Láàárín Àwọn Àtúnṣe Tí Wọ́n Ń Tà Fún Yín

Lọ́dún tí ilẹ̀kùn ilé ìdáná bàbá mi kọ̀ tí kò pa dé mọ́, káfíńtà la kọ́kọ́ pè. Ó fi ìfági fá etí ilẹ̀kùn, ó gbowó, ó lọ. Kí òjò ọdún náà tó dá, ilẹ̀kùn tún ti há. A wá pe bíríkìlà. Ìyẹn fi sìmẹ́ǹtì dí ìlà, ìyẹn ojú ibi tí ògiri ti là, tó gba orí ilẹ̀kùn lọ sókè, a sì kun ọ̀dà tuntun lé e. Lọ́dún kejì, ìlà náà tún yọ lójú ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ó tiẹ̀ wá fẹ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì la náwó, kò sí ọ̀kan tó débi tí nǹkan ti ń ṣe ilé. Igun ẹ̀yìn ilé, níbi tí omi ilé ìwẹ̀ ń gbà kọjá, ló ń wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀kùn àti ògiri kàn ń jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ fún wa ni.

Súrùlérè ni ilé yẹn wà, bọ́ńgálò oníbúlọ́ọ̀kù tí bàbá mi kọ́ ní 1974. Ìyá mi náà jogún apá kan nínú agboolé wọn ní Ìbàdàn: ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára, tó ti wà kí wọ́n tó bí ìyá mi. Ògiri ilé méjèèjì ló là. Àtúnṣe tó gba ọ̀kan là ì bá ti wó èkejì. Bí mo bá ń fi àtúnṣe kan wé òmíràn nísàlẹ̀ yìí, ilé méjì yìí ni mo ní lọ́kàn. Mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ jogún ilé wà nírú ipò tí a wà: owó kò pọ̀, ẹbí pọ̀, bíríkìlà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà sì ń sọ pé òun mọ̀ ọ́n ṣe.

Orí ìbéèrè méjì ni gbogbo yíyàn náà dúró lé. Ṣé ilé ṣì ń rì, àbí ó ti jókòó tán? Ibo ni ilẹ̀ líle wà lábẹ́ rẹ̀? Ẹni tí kò bá tíì mọ ìdáhùn sí méjèèjì, kó má tíì ra báàgì sìmẹ́ǹtì kan.

Ìlà tó ti ilẹ̀ wá àti èyí tí kò ti ibẹ̀ wá

Ìlà tín-ín-rín tó ta kiri bí okùn aláǹtakùn lójú ìrẹ́ ògiri, ìrẹ́ náà ló yára gbẹ jù tàbí tí sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ fi ṣísẹ́lì ṣí ibẹ̀ díẹ̀. Bí búlọ́ọ̀kù ẹ̀yìn rẹ̀ bá wà ní odindi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìlà tó dúró ṣánṣán láàárín ilé àtijọ́ àti yàrá tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ìyẹn kò yani lẹ́nu: ìpìlẹ̀ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan, wọn kò sì so ògiri wọn mọ́ra. Ìlà tó ń tẹ̀lé pílà tàbí bíìmù lọ gbọọrọ, tí àwọ̀ pupa ń sun lára rẹ̀, irin inú kọnkéré ló ń dípẹtà tó ń wú. Ìyẹn léwu gan-an, ẹ wá ẹnjiníà sí i, àmọ́ títún ìpìlẹ̀ ṣe kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ilẹ̀kùn tó há lásìkò òjò tó sì ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà ọyẹ́, igi ló mu omi.

Ìlà ìpìlẹ̀ máa ń gun ògiri bí àtẹ̀gùn. Ojú ibi tí búlọ́ọ̀kù ti pàdé ara wọn ló ń tẹ̀ lé, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn, torí ibẹ̀ ni ògiri ti rọ jù. Ó máa ń hàn nínú ilé àti níta ní ojú kan náà. Ẹ wo ibi tó ti fẹ̀ jù. Bó bá fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, igun ilé ló ń já sílẹ̀. Bó bá fẹ̀ nísàlẹ̀ ju òkè lọ, àárín ògiri ló ń rì nígbà tí igun méjèèjì dúró. Nǹkan míì tún wà tí ẹnjiníà kan fi hàn mí tí mo ń lò títí dòní: bí ìlà bá dagun, ẹ gbé ọ̀pá tààrà kan dábùú rẹ̀, kí orí rẹ̀ kan kọjú sí ilẹ̀. Apá ibi tí orí ọ̀pá yẹn nà sí nísàlẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́ ibi tó ń rì.

Ní ti bó ṣe fẹ̀ tó, àwọn ẹnjiníà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní òṣùwọ̀n kan tó wúlò fún wa náà. Títí dé 1 mm, ọ̀rọ̀ ọ̀dà ni. Títí dé 5 mm, ó ṣeé dí, ilẹ̀kùn lè máa há díẹ̀. Láti 5 sí 15 mm, ó ti ń kan páìpù àti férémù, òjò sì lè máa gba ibẹ̀ wọlé. Tó bá ti ju 15 mm lọ, ẹ máa wó apá kan lára ògiri tún kọ́. Tó bá ti lé ní 25 mm, ilé fúnra rẹ̀ lè má dúró mọ́. Ẹni tí kò ní rúlà, káàdì ATM rẹ̀ kò nípọn tó 1 mm (0.76 mm ni), pẹ́ńsù ìkọ̀wé sì tó nǹkan bí 7 mm. Bí káàdì bá wọ inú ìlà, tí pẹ́ńsù kò wọ̀ ọ́, àyè ṣì wà láti fara balẹ̀ wádìí. Bí pẹ́ńsù bá ń wọlé tó ń jáde fàlàlà, ẹ má ka àpilẹ̀kọ yìí tán kí ẹ tó pe ẹnjiníà.

Ìṣó méjì, rúlà kan, ọdún kan

Èyí ni ìwádìí tó rọ̀ jù lówó, òun náà ló sì gbà wá lọ́wọ́ ìnákúnàá. Ẹ kan ìṣó kan sí apá ọ̀tún ìlà, ọ̀kan sí apá òsì, kí wọ́n jìnnà síra ní nǹkan bí 100 mm. Ẹ wọn àárín wọn lóṣooṣù, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí orí ìlà dé, kí ẹ kọ ọjọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú. Ọdún kan ló dára jù, kó lè kọjá nínú òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn. Ní Èkó, òjò ń ga jù ní nǹkan bí oṣù kẹfà, ó ń sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ó tún ń padà ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ilé tó ń rì torí omi máa ń fi í hàn láàárín àwọn oṣù yẹn.

Ohun tí ẹ máa rí, ọ̀kan nínú mẹ́ta ni. Bí òǹkà kò bá yí padà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ilé ti jókòó tán. Ó ṣeé ṣe kó ti jókòó láti ogún ọdún sẹ́yìn. Bó bá ń fẹ̀ tó tún ń pa dé gẹ́gẹ́ bí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń yí, amọ̀ abẹ́ ilé ló ń wú tó ń súnkì. Bó bá ń fẹ̀ láì padà sẹ́yìn, ilé ń rì. Ọ̀tọ̀ ni oògùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹni tó bá sì fo ìwádìí yìí kò lè mọ èyí tó ń wò.

Kẹ́ ẹ lè mọ igun tó já sílẹ̀ gan-an, ẹ yá rọ́bà tó mọ́ gaara tí àwọn bíríkìlà máa ń rọ omi sí láti fi wo ojú tó dọ́gba. Ojú kan náà ni wọ́n to ẹsẹ búlọ́ọ̀kù kan sí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ ilé. Ẹ mú ẹsẹ búlọ́ọ̀kù kan, kí ẹ fi omi inú rọ́bà bá a yí ilé ká. Ní ilé wa, igun ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ti lọ sílẹ̀ ní 38 mm ju igun iwájú lọ. Ọjọ́ yẹn ni bàbá mi tó gbà pé ilẹ̀kùn kọ́.

Ẹ gbẹ́ ihò kan wò

Lẹ́bàá igun tó ń rì, níta, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ihò kan tí ènìyàn lè dúró sínú rẹ̀, títí dé abẹ́ ìpìlẹ̀. Ihò kan ṣoṣo ni o, kì í ṣe yàrà gígùn, kí wọ́n má sì fi í sílẹ̀ fún òjò. Ẹ ó rí ohun mẹ́rin: bí ìpìlẹ̀ ṣe jìn tó, bí kọnkéré ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, irú ilẹ̀ tó gbé e dúró, àti bóyá omi wà níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ bọ́ńgálò wa, ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3 ni ìpìlẹ̀ jìn, kọnkéré abẹ́ rẹ̀ tó yẹ kó fẹ̀ tó 675 mm lè máà ju búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀ lọ, torí àwọn kan dín in kù kí sìmẹ́ǹtì má baà lọ púpọ̀.

Irú ilẹ̀ ni kókó. Ìbàdàn jókòó lórí àpáta. Ilẹ̀ pupa àti yangí tó bò ó máa ń le láìjìn. Èkó kò rí bẹ́ẹ̀. Yanrìn, amọ̀ àti àbàtà ni omi kó jọ síbẹ̀, ibòmíràn sì wà tó jẹ́ pé ìdọ̀tí ni wọ́n dà sí i kí wọ́n tó fi yanrìn bò ó. Bí ẹ bá rí ilẹ̀ dúdú tó fúyẹ́, tó ń rùn, tí ewé àti gbòǹgbò jíjẹrà wà nínú rẹ̀, ilẹ̀ tó ṣì ń jẹrà ni, yóò sì máa fún pọ̀ fún ọdún púpọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣaláńgá tàbí kànga àtijọ́ tí wọ́n dí. Ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò pé kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní agboolé ìyá mi, obìnrin ẹni ọgọ́rin ọdún kan ló nawọ́ sí ibi tí kànga wà nígbà èwe rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tí ì bá sọ ìyẹn fún wa lọ́jọ́ yẹn.

Bí ihò bá dé mítà kan ààbọ̀ tí ilẹ̀ kò tíì le, ẹ dúró. Ó ti di iṣẹ́ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gún ọ̀pá irin wọlẹ̀ láti mọ bó ṣe le tó. Owó ni, àmọ́ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí ẹ máa ná sórí àtúnṣe tí kò bá ilẹ̀ mu.

Àwọn àtúnṣe náà, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́

| Àtúnṣe | Ìgbà tó bá a mu | Ohun tí kò lè ṣe | Ìnáwó |
|---|---|---|---|
| Dídí ìlà | Ilé ti jókòó tán | Kò dá rírì dúró | Ó kéré jù |
| Dídarí omi | Omi ló ń rọ ilẹ̀ | Kò gbé igun tó ti já padà sókè | Díẹ̀ |
| Kọnkéré sábẹ́ ìpìlẹ̀ | Ilẹ̀ líle kò ju mítà 2 lọ | Kò ṣiṣẹ́ nínú àbàtà jíjìn tàbí ihò tó ń sun omi | Àárín |
| Páìlì (òpó tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọlẹ̀ jìn) | Ilẹ̀ líle jìnnà | Kò ṣeé fi bíríkìlà lásán ṣe | Ó pọ̀ gan-an |
| Fífún sìmẹ́ǹtì olómi sínú ilẹ̀ | Yanrìn tó tú, ihò inú ilẹ̀ | Kò wọ inú amọ̀, kò wo ilẹ̀ tó ń jẹrà | Ó pọ̀ |

Dídí ìlà tàbí dídarí omi?

Mo fi méjì yìí síwájú torí láàárín wọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á dí ìlà, wọ́n á fi omi sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nínú ilé méjèèjì tí mo mọ̀, omi lọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Súrùlérè, sókàwéè omi ìwẹ̀ kò jìnnà sí ògiri ju mítà kan àti díẹ̀ lọ, oríkèé páìpù tó lọ síbẹ̀ sì ti yẹ̀. Bí a ṣe mọ̀ ni pé a po búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun mọ́ omi, a dà á sí ilé ìwẹ̀, a sì lọ jókòó ti ihò tí a gbẹ́. Kò pé wákàtí kan tí omi aláwọ̀ búlúù fi ń sun lára ilẹ̀ abẹ́ ìpìlẹ̀. Ní ti páìpù omi mímu, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa lálẹ́, kí ẹ sàmì sí ibi tí omi táǹkì dé. Bó bá ti lọ sílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, omi ń jò níbì kan.

Iṣẹ́ omi kò gba ọgbọ́n àràmàǹdà. Ẹ gbé sókàwéè jìnnà sí ilé, ó kéré tán mítà 3; bí àyè bá gba 5, ẹ gbà á. Ẹ fi gọ́tà sí etí òrùlé kí òjò má máa gbẹ́ ẹsẹ̀ ògiri. Ẹ da kọnkéré tó fẹ̀ tó mítà kan yí ilé ká, kó dagun kúrò lára ògiri, kí omi má lè dúró síbẹ̀. Bí ìjọba bá ti gbé títì sókè ju àgbàlá yín lọ, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Èkó, ẹ gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà míì tí omi máa gbà jáde, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ gbogbo òjò títì ni yóò máa wá sùn lábẹ́ ilé yín. Ẹ wo òkè náà: táǹkì omi lítà 2,000 tó kún wúwo tó tọ́ọ̀nù 2, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn láti gbé e sórí igun ẹ̀yìn ilé gan-an níbi tí ilẹ̀ ti tutù jù.

Bí òǹkà ìṣó yín bá dúró lẹ́yìn tí ẹ ti darí omi, tó sì la òjò kan kọjá láì yí, ìgbà yẹn ni dídí ìlà tó wúlò. Kí bíríkìlà má sì fi sìmẹ́ǹtì lásán dí i. Kó gé ìrẹ́ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó pààrọ̀ búlọ́ọ̀kù tó ti fọ́, kó fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú ìlà sínú ojú búlọ́ọ̀kù, kó tó rẹ́ ẹ.

Ilé tó jókòó lórí amọ̀ tó ń wú tó ń súnkì tún ní ọ̀ràn tirẹ̀: igi ńlá tó sún mọ́ ògiri ń fa omi inú amọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má ṣe sáré gé e lulẹ̀ lójijì o. Amọ̀ tó ti gbẹ fún ogójì ọdún yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi padà, yóò sì ti ilé sókè. Kí wọ́n máa gé ẹ̀ka rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan.

Kọnkéré sábẹ́ ìpìlẹ̀ tàbí páìlì?

Bí omi bá ti kúrò tí ilé ṣì ń rì, ó di dandan kí ẹsẹ̀ ilé kan ilẹ̀ líle. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Ìyàtọ̀ wọn kò ju bí ilẹ̀ líle ṣe jìn sí lọ, àmọ́ ìyàtọ̀ owó wọn pọ̀ bí ọ̀run àti ilẹ̀.

Èkíní ni kí wọ́n gbẹ́ abẹ́ ìpìlẹ̀ àtijọ́ kí wọ́n sì fi kọnkéré tuntun tì í lábẹ́, èyí tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní underpinning. Iṣẹ́ tí bíríkìlà tó gbọ́n lè ṣe ni bí ẹnjiníà bá dúró tì í. Ohun tó ń pa ènìyàn nínú rẹ̀ ni ìkánjú. Ẹ pín ògiri sí ìpín tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 1 sí 1.4, kí ẹ fún wọn ní nọ́ńbà. Ògiri mítà 6 yóò jẹ́ ìpín 5. Wọ́n á gbẹ́ ìkíní, wọ́n á parí rẹ̀, kí wọ́n tó kan ìkẹta, lẹ́yìn náà ìkarùn-ún, kí wọ́n tó padà sí ìkejì àti ìkẹrin. Kò sí ìgbà kankan tí ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin ògiri lọ gbọ́dọ̀ dúró sórí afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá dé ibi iṣẹ́ tí ẹ rí i pé wọ́n ti gbẹ́ yàrà gbọọrọ látigun dégun lábẹ́ ògiri, ẹ lé gbogbo ènìyàn jáde nínú ilé náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Wọ́n á gbẹ́ títí kan ilẹ̀ líle, wọ́n á gbá ìsàlẹ̀ ihò mọ́, wọ́n á da kọnkéré dé ibi tó kù nǹkan bí 75 mm kó kan ìpìlẹ̀ àtijọ́. Àlàfo yẹn ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà. Kọnkéré máa ń súnkì bó bá ń gbẹ. Bí wọ́n bá dà á kan òkè lẹ́ẹ̀kan náà, àlàfo kékeré tí ojú kò rí yóò kù, ilé yóò sì já sínú rẹ̀. Nítorí náà wọ́n á dúró di ọjọ́ kejì, wọ́n á wá fi sìmẹ́ǹtì àti yanrìn tí omi rẹ̀ kéré gan-an (tí ẹ bá fún un lọ́wọ́, ó ń dúró bí ẹ̀bà) gún àlàfo náà kíkankíkan títí yóò fi kún. Lẹ́yìn èyí, ọjọ́ méjì ó kéré tán kí wọ́n tó gbẹ́ ìpín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kí ẹ lè ṣírò: ihò kan tó gùn ní 1.2 m, tó fẹ̀ ní 675 mm, tí kọnkéré rẹ̀ sì ga tó mítà kan, yóò jẹ báàgì sìmẹ́ǹtì 5 sí 6. Ògiri mítà 6 yóò jẹ nǹkan bí báàgì 25 sí 30, yóò sì gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Bíríkìlà tó bá ní òun á fi báàgì mẹ́wàá ṣe é ní ọjọ́ mẹ́ta, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì jẹ́ kó máa lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ ṣe é, láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, nígbà tí omi ilẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀. Ihò tó bá jìn kọjá àyà ènìyàn, kí wọ́n fi pákó ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ ènìyàn ló wà nínú ihò yẹn.

Ó ní àbùkù kan tí àwọn tó ń tà á kì í sọ. Bí ẹ bá fi kọnkéré ti igun kan ṣoṣo, igun náà kò ní mira mọ́, ìyókù ilé yóò sì máa mira bó ti ń ṣe. Ìlà tuntun lè yọ níbi tí méjèèjì ti pàdé. Ẹ jẹ́ kí jíjìn ihò máa dín kù díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń kúrò ní igun tó ń rì, kó má kàn já gbàgà.

Páìlì ni ti ilẹ̀ tí kò ní ìsàlẹ̀ tòsí. Ní àwọn ibi àbàtà ní Èkó, ilẹ̀ tó le lè wà ní mítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ẹni tó lè fi ṣọ́bìrì débẹ̀. Wọ́n á fi ẹ̀rọ kékeré lu ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí inú àti ìta ògiri, wọ́n á fi irin àti sìmẹ́ǹtì olómi kún un, wọ́n á wá gba bíìmù kọjá lábẹ́ ògiri kó gbé ẹrù ilé lé páìlì méjèèjì. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n fi jáàkì ti páìpù irin wọlẹ̀ ní ègé-ègé, kí jáàkì náà fi abẹ́ ilé ṣe ìtìsẹ̀. Ìyẹn dára fún ilé tó wúwo. Bọ́ńgálò fúyẹ́, jáàkì lè gbé ògiri rẹ̀ sókè kí páìpù tó wọlẹ̀ dé ibi tó yẹ. Nítorí náà, bí wọ́n bá fi jáàkì lọ̀ yín fún bọ́ńgálò, ẹ béèrè ìṣirò ìwúwo ilé náà.

Owó páìlì fún bọ́ńgálò àtijọ́ lè ju iye ilé náà lọ. Mo rò pé òótọ́ yìí yẹ kí ẹbí gbọ́ kó tó di pé wọ́n ń dáwó. Níbi tí ilẹ̀ bá ti burú tó bẹ́ẹ̀, ìbéèrè gidi ni bóyá kí ẹ dín ẹrù ilé kù, kí ẹ sọ òkè tí wọ́n kọ́ lé e kalẹ̀, tàbí kí ẹ wó o kí ẹ tún un kọ́ lórí ìpìlẹ̀ tó tẹ́ káàkiri abẹ́ ilé. Ó dunni. Ilé bàbá ẹni kì í ṣe búlọ́ọ̀kù lásán.

Fífún sìmẹ́ǹtì olómi sínú ilẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Nínú yanrìn tó tú, tàbí níbi tí páìpù ti gbẹ́ ihò sábẹ́ ilé, ó máa ń di ilẹ̀ mú dáadáa. Nínú amọ̀, kò ráyè wọlé. Nínú ilẹ̀ dúdú tó ń jẹrà, ẹrù lẹ tún dì lé e.

Ilé alámọ̀ yàtọ̀

Ní Ìbàdàn, ẹnì kan ní kí a da kọnkéré sábẹ́ gbogbo ògiri bíi ti Súrùlérè. Mo dúpẹ́ pé a kò gbọ́. Ògiri amọ̀ nípọn, ó wúwo, àmọ́ kò lè dá ara rẹ̀ gbé bí ẹ bá gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ ní mítà kan. Ohun tó ń ṣe ilé náà hàn kedere bí a ṣe yí i ká: omi òrùlé àti ti ọ̀nà àárín agboolé ti fọ ilẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ ògiri tó wà nínú ilẹ̀ nígbà kan ti yọ síta. Ẹni tó bá rántí ohun tí ìkún omi odò Ògùnpa ṣe ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 mọ bí omi ṣe ń gbẹ́ ẹsẹ̀ ilé. Èyí tó ń ṣe é díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún kò ní ariwo, ìyàtọ̀ wọn nìyẹn.

Ìrẹ́ sìmẹ́ǹtì tún dá kún un. Amọ̀ ń mí. Bí omi bá gòkè láti ilẹ̀ wọ inú rẹ̀, ó yẹ kó rí ọ̀nà jáde. Sìmẹ́ǹtì sé e mọ́, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ, ìrẹ́ sì dúró níwájú bí ẹni pé kò sí nǹkan. Nígbà tí a ká a kúrò títí dé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ọwọ́ lásán la fi ń bu ògiri.

Àtúnṣe tó bá a mu kéré sí ti ilé oníbúlọ́ọ̀kù, ó sì gba sùúrù jù ú lọ. A fa páànù òrùlé síta sí i. A la gọ́tà sí ọ̀nà àárín. A wá ń fi yangí àti ilẹ̀ pupa tí a po sìmẹ́ǹtì díẹ̀ mọ́ di ẹsẹ̀ ògiri tí omi ti jẹ, ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú pákó tó ti ògiri ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìrẹ́ tuntun, amọ̀ ni a fi ṣe é. Àwọn ọ̀dọ́ agboolé rò pé à ń dá ilé padà sẹ́yìn. Àwọn àgbà tó ti rẹ́ ilé rí ló wá ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń po ó.

Ta ni kí ẹ pè, ìgbà wo ni kí ẹ sá

Ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN (àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà) ni kó yẹ ilé wò kí bíríkìlà tó dé. Ẹ sanwó ìyẹ̀wò fún un lọ́tọ̀, kó má jẹ́ ẹni tó máa ta iṣẹ́ fún yín. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, àjọ LASBCA ló ń bójú tó ilé tó ti ń yẹ̀, iléeṣẹ́ àyẹ̀wò ohun èlò ti ìpínlẹ̀ náà sì ń yẹ kọnkéré àti ilẹ̀ wò. Ẹ̀rù máa ń ba ènìyàn láti pè wọ́n, torí wọ́n lè fi àmì pupa sí ilé. Mo mọ ẹ̀rù yẹn. Síbẹ̀, ẹ rántí ilé àtijọ́ tó wó ní Ìta Fààjì, l'Ékòó, ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, pẹ̀lú àwọn ọmọ iléèwé nínú rẹ̀.

Ẹ jáde nínú ilé lọ́jọ́ náà gan-an bí ìlà bá fẹ̀ sí i láàárín ọjọ́ díẹ̀, bí ilẹ̀kùn púpọ̀ bá há lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹ bá gbọ́ ìró tó ń ta pàà nínú ògiri lóru, tàbí bí kọnkéré bá ń já wálẹ̀ lára pílà ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwọn ẹrù yín lè dúró sínú rẹ̀.

Ní ti Súrùlérè, omi la kọ́kọ́ darí, a sì sọ táǹkì kalẹ̀. Ìṣó ṣì fi hàn pé igun náà ń lọ, díẹ̀ ni, àmọ́ ó ń lọ. Ihò ti jẹ́ ká mọ̀ pé yanrìn tó le wà ní mítà kan ààbọ̀, nítorí náà kọnkéré sábẹ́ ìpìlẹ̀ la yàn, ìpín méje lápapọ̀ yí igun náà ká. Igun náà kò gòkè padà. 38 mm rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, a kàn tún férémù ilẹ̀kùn tò ni. Bàbá mi fẹ́ kun ilé lọ́sẹ̀ tí wọ́n parí. A bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí òjò ọdún kan kọjá ná, ó sì gbà, ó ń wọn ìṣó fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà. Oṣù kọkànlá la kùn ún.